Ìlọ̀ kọ́, gbígbẹ́ ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi.

Lórí orúkọ Yorùbá tí à ń wá fún nǹkan ṣọ́ọ̀bù wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe mílíìnì masíìnì (milling machine), ẹ̀rọ tó ń gé irin sí bátànì tí a bá fẹ́, ní "ẹ̀rọ ìlọrin", orúkọ náà dùn létí lóòótọ́. Àmọ́ mo fẹ́ ta ko yín díẹ̀, sà. Ṣebí wọ́n ní òkúta tí wọ́n ti ń lọ irin kó lè mú ni wọ́n fi sọ ìlú Ìlọrin lórúkọ. Ohun tí òkúta bá lọ̀, lẹ́búlẹ́bú ló ń dà. Ẹ̀rọ tí à ń wí yìí, kọ́tà eléyín (cutter), ìyẹn irin tó ń gé nǹkan, ló ń yí bírí nínú rẹ̀, eyín kọ̀ọ̀kan ń bu irin jẹ, èérún tó ká bí èékánná ló sì ń fọ́n sílẹ̀. Iṣẹ́ agbẹ́gilére nìyẹn. "Ẹ̀rọ agbẹ́rin" ni tèmi.

Àròyé lásán kọ́ o. Ẹ sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kó "lọ" àlùmíníọ̀mù, ìdí òkúta ìlọ̀ tó ń yí nínú ṣọ́ọ̀bù ló máa gbé e lọ. Àlùmíníọ̀mù rọ̀, á di gbogbo ihò ara òkúta náà pa, òkúta á gbóná, ó sì lè fọ́ mọ́ni lójú. Ọmọ kan dán an wò níṣojú mi. Orí ló yọ ọ́. Ojú òkúta náà ń dán bíi ṣíbí tuntun.

Ẹlòmíì kọ "pátákó rírọ" fún pátákó àlùmíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ nǹkan, ọmọ owú ló sì fi ń rọ ọ́. Èyí, wọ́n yọ́ ọ ni, wọ́n wá dà á, bí àwọn ará Ifẹ̀ ayé àtijọ́ ṣe da ère idẹ. "Pátákó dídà" ti tó. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré lójú oníṣẹ́: pátákó tí wọ́n fi róólà tẹ̀, wàhálà títẹ̀ náà ṣì há sínú rẹ̀, tí ẹ bá gbẹ́ ojú kan rẹ̀, ó lè wọ́. Pátákó dídà tí wọ́n ti fi iná tù lára máa ń dúró gbọnyin.

Ó ku ti àlùmíníọ̀mù tó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín kọ́tà tí kò fi ní lè gé nǹkan mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, "kọ́tà ti kó ẹ̀bà sẹ́nu" là ń sọ. Kọ́tà eléyín méjì tàbí mẹ́ta ni ká lò, kí èérún lè ráyè jáde, ká máa kán kẹrosíìnì sí i, ká sì máa gbá èérún kúrò kí kọ́tà má baà tún un jẹ. Èmi dábàá "àlẹ̀méyín". Ẹni tó sì ní ká pè é ní "ìpẹtà", ẹ má bínú, àlùmíníọ̀mù kì í dípẹtà.