Kí ni ká máa pe "split infinitive" ní Yorùbá?

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń túmọ̀ àkọsílẹ̀ gírámà Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dábàá pé kí a máa pe "split infinitive" ní "ọ̀rọ̀-ìṣe àlàsíméjì", ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti fọwọ́ sí i nítorí pé ó bá orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un mu rẹ́gí. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ńlá tí ẹ̀gbọ́n dáwọ́ lé, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ orúkọ yìí. Ohun tí wọ́n ní a là, kò sẹ́ni tó là á. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un ti dá a lẹ́bi kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, bí a bá sì gbé e wọ Yorùbá bó ṣe wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò ti gbà pé nǹkan bàjẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí à ń sọ gan-an. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ dárúkọ ìṣe kan láìsọ ẹni tó ṣe é tàbí ìgbà tó ṣe é, ó sábà máa ń fi "to" ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, bíi "to understand" tàbí "to sign". Bí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí ìṣe náà ṣe rí, bá wá bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì, bíi "to fully understand", òun ni wọ́n ń pè ní lílà. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ ti gbà pé odindi ọ̀rọ̀ kan ni "to understand", bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ló ń fi irú ìlò yìí hàn. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni "to" níbẹ̀rẹ̀, irú èyí tó wà nínú "to the market". Títí di òní, "to" kì í tẹ̀ lé "can", "must" tàbí "let": "Let him go" ni wọ́n ń sọ, wọn kì í sọ pé "Let him to go". Bó bá jẹ́ pé ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni "to" jẹ́, kò yẹ kí ó ṣeé yọ báyìí.

Òfin tó ní kí a má ṣe é kò sì dàgbà tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Láti bí ọ̀rúndún kẹtàlá sí ìkẹrìnlá ni a ti rí àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sáàárín "to" àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Lẹ́yìn náà, ìlò yìí dín kù púpọ̀, débi pé ẹyọ kan péré ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí nínú gbogbo iṣẹ́ Shakespeare, ìyẹn "to pitied be" tó wà nínú ewì onílà mẹ́rìnlá rẹ̀ tí ó jẹ́ nọ́ńbà 142. Nígbà tó tún gbèrú ni àríwísí bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1834, ẹnì kan tí kò fi ju lẹ́tà "P" lọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà pé kò tọ́ kí ohunkóhun bọ́ sáàárín "to" àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ní 1864, Henry Alford, tó jẹ́ olórí àwọn àlùfáà Kàtídírà Canterbury, tún un sọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ "split infinitive" fúnra rẹ̀ kò tíì sí nígbà náà. Ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tó jáde.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé Látìn ló bí òfin yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò ṣeé là ni irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ ní Látìn, bíi "amare" (láti nífẹ̀ẹ́). Ṣùgbọ́n orí Látìn kọ́ ni Alford gbé ẹjọ́ tirẹ̀ kà. Ohun tó sọ ni pé àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì ń kọ ọ́ kò mọ irú àṣà bẹ́ẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kọ̀wé sí i lórí ọ̀rọ̀ náà ti sọ fún un pé òun ń lò ó, ó sì ń gbèjà rẹ̀. Ẹ̀rí wà níwájú Alford, kò kà á sí. Ibẹ̀ gan-an ni n kò ti lè fara mọ́ ọn.

H. W. Fowler, nínú ìwé atọ́nà rẹ̀ lórí ìlò Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 1926, ló fi ọgbọ́n tó pọ̀ jù bójú tó ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní fífi ọ̀rọ̀ sáàárín bẹ́ẹ̀ kò wu òun fúnra rẹ̀, síbẹ̀ ó sàn ju gbólóhùn tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò dájú lọ, ó sì sàn ju gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn rí i pé wọ́n fi tipátipá tò lọ.

Ìtumọ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀. Ẹ gbé gbólóhùn méjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: "He failed completely to understand the question" àti "He failed to completely understand the question". Nínú ti àkọ́kọ́, ìbéèrè náà kò yé ọkùnrin náà rárá. Nínú ti ìkejì, ó yé e dé ibì kan, àmọ́ kò yé e tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ la nǹkan kan yóò fa "completely" kúrò ní àárín, yóò gbé e síwájú "to", yóò sì sọ ohun tí kò ní lọ́kàn láìmọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò sí ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà lè lọ. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ń retí pé kí ọjà tí òun ń tà lé ní ìlọ́po méjì, tó sì kọ ọ́ pé "we expect sales to more than double", kò sí bí ènìyàn ṣe lè yọ "more than" kúrò níbẹ̀ tí gbólóhùn náà kò ní fọ́.

Ìbẹ̀rù yìí máa ń tàn dé ibi tí "to" kò sí pàápàá. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló kọ ọ̀rọ̀ ìbúra tí ààrẹ gbọ́dọ̀ sọ kalẹ̀, ó sì wà nínú rẹ̀ pé "I will faithfully execute the Office of President of the United States". Nígbà tí adájọ́ àgbà John Roberts ń búra fún Barack Obama ní ogúnjọ́ oṣù kìíní ọdún 2009, ó gbé "faithfully" kúrò ní ipò rẹ̀ lọ sí ìparí gbólóhùn. Obama dákẹ́, ó ń retí kí adájọ́ ṣàtúnṣe, àtúnṣe náà kò sì délé dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, adájọ́ tún lọ bá a ní ilé ìjọba láti búra fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìbúra náà kò pé. Steven Pinker, onímọ̀ nípa èdè àti ọpọlọ ní Harvard, sọ lérò tirẹ̀ pé ìkórìíra tí adájọ́ náà ní sí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tó ń bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀-ìṣe ló fà á. Yálà ohun tí Pinker sọ yìí tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, "will faithfully execute" kò ní "to" kankan nínú, ipò tí àpọ́nlé náà sì wà nínú ìwé òfin ni ipò rẹ̀ gan-an nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ti àwa tí a ń sọ Yorùbá, ó yẹ kí ó tètè yé wa. A ní àwọn ọ̀rọ̀ bíi "tètè", "túbọ̀", "dìídì", "mọ̀ọ́mọ̀" àti "sábà" tí kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè wà ju iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe lọ. "Ó gbìyànjú láti tètè dé" là ń sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé "ó gbìyànjú tètè láti dé", ọmọ kékeré yóò tún un ṣe fún un. Lẹ́yìn ìyẹn la ní "kíákíá", "dáadáa", "wéréwéré" àti ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n máa ń dúró sẹ́yìn: "láti dé kíákíá". Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá bá kọ "to quickly finish", kò ṣìwà hù sí Gẹ̀ẹ́sì. "Láti tètè parí" ló wà lọ́kàn rẹ̀, àárín sì ni àyè rẹ̀. Ohun tí olùkọ́ ní láti bi í ni bóyá ibẹ̀ ni ìtumọ̀ tó ń wá wà, àti bóyá "to finish quickly" kò ní dùn ún gbọ́ létí ẹni tí yóò kà á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí ló mú mi dábàá "àfisáàárín". Àwọn kan lè fẹ́ kí á fi àpọ́nlé kún un, kí ó di "àpọ́nlé àfisáàárín". N kò rò pé ó yẹ. Nínú "he decided to not go", "not" ló wà láàárín, ìyísódì sì ni nínú gírámà tiwa, kì í ṣe àpọ́nlé, gẹ́gẹ́ bí "má" ti rí nínú "ó pinnu láti má lọ". Bí a bá so orúkọ náà mọ́ àpọ́nlé, irú èyí yóò bọ́ síta, a ó sì tún máa wá orúkọ mìíràn fún un. Ẹni tó bá bi wá pé àárín kí ni, ìdáhùn kò le: àárín "to" àti ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ìtúmọ̀ tí a ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n pé, kí ìwé náà tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, kí wọ́n fi "àfisáàárín" rọ́pò "àlàsíméjì", kí wọ́n sì fi gbólóhùn "failed completely" méjèèjì sábẹ́ rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí bí ìtumọ̀ ṣe yí padà.