Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, a fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ jayé l'Ékòó

Ẹ kú ilé o. Abẹ́òkúta la wà, àwa mẹ́sàn-án, màmá ọkọ mi wà nínú ẹ, orúnkún sì máa ń dùn wọ́n. Òkè Olúmọ ti sú àwọn ọmọ, Èkó ni wọ́n ń pariwo báyìí. Ọkọ mi ní ká háyà bọ́ọ̀sì, àmọ́ owó tí dírẹ́bà yẹn pè, àfi bíi pé a fẹ́ ra mọ́tò ọ̀hún ni. Mo wá rò ó pé ká wọ reluwé ní Láderin, ká sọ̀ ní Alágómẹ́jì, ìrẹsì á ti wà nínú kúlà láti ilé torí oúnjẹ Èkó, hmm. Afárá inú igbó ti Lẹ́kì wù mí, ṣùgbọ́n màmá ò lè gùn ún. Ẹ jọ̀ọ́, tá a bá ti sọ̀, ibo la lè lọ tí tọmọdé tàgbà á gbádùn láìná owó gọbọi? Ẹ má bínú pé ó gùn, ẹ ṣé gan-an ni o.