«Ìtúsílẹ̀» kọ́, «ìgbéjáde» ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí èdè. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe «release» àwọn oníṣẹ́ sọ́fítíwíà ní ìtúsílẹ̀, kí á pe «freeze» wọn, ìyẹn àsìkò tí wọn kì í gba ohun tuntun mọ́ kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ jáde, ní ìdìyìnyín, kí «distraction» sì máa jẹ́ ìdíwọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà tó mú àbá náà wá, nítorí ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì dí àlàfo yìí. Ṣùgbọ́n ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe alámòójútó irú iṣẹ́ yìí fún ètò kọ̀ǹpútà kan tí àwa mélòó kan jọ ń tọ́jú, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì bá ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe mu.

Ohun tí a so tàbí tí a há mọ́ là ń tú sílẹ̀: ẹlẹ́wọ̀n, ẹran orí ìso. Kóòdù tiwa, ìyẹn àwọn ìlànà tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, kò sí ní àhámọ́ kankan. Ẹni tó bá fẹ́ lè kà á lónìí, kó tún kà á lọ́la bó ṣe ń yí padà. Kí wá ni à ń tú? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni pé a yan ibì kan lójú ọ̀nà tí kóòdù ń tọ̀, a ní ibí yìí ti tó gbára lé, a fún un ní nọ́ńbà, a sì gbé e síwájú aráyé. Ìlérí ni à ń ṣe fún ẹni tó máa lò ó.

Ẹnìkan béèrè pé kí ló dé tí kò fi ní jẹ́ ìkójáde, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi gan-an. Yorùbá kì í kó àga kan ṣoṣo, gbígbé là ń gbé e; bó bá di mẹ́rin, a ó kó wọn. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe Linux, ìpìlẹ̀ ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan. Bí Linus Torvalds, olórí iṣẹ́ náà, bá ti gbé ọ̀kan jáde, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń gba iṣẹ́ tuntun wọlé láti ọwọ́ àwọn alábòójútó ẹ̀ka. Kíkó nìyẹn, ìkójọ gan-an. Lẹ́yìn náà, kò ní gba ohun tuntun mọ́. Yóò máa gbé ti àyẹ̀wò síta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, rc1, rc2, títí dé rc7 tàbí rc8. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, iṣẹ́ èèyàn tó lé ní 1,000 ti di odindi kan tó ń jẹ́ nọ́ńbà kan. Odindi là ń gbé. Ìkójọ ni ìbẹ̀rẹ̀, ìgbéjáde ni òpin. Pé a ti ń lo ìgbéjáde fún ìwé àti orin kò bà mí nínú jẹ́ rárá, ìbátan ni wọ́n.

Ìdìyìnyín ńkọ́? Ohun tó bá dì kì í mira, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà tí Debian, àkójọ sọ́fítíwíà tí a gbé ka Linux, bá wọ àsìkò yẹn ni iṣẹ́ ń gbóná jù, tí wọ́n ń wá àṣìṣe kiri tọ̀sán-tòru. Ohun tuntun nìkan ni kò gbọdọ̀ wọlé. Mo dábàá ìtilẹ̀kùn. Debian kì í gbé tirẹ̀ jáde àfi tó bá ti ṣetán, nítorí náà ilẹ̀kùn lè wà ní títì fún oṣù púpọ̀. Ti Ubuntu, àkójọ mìíràn bẹ́ẹ̀, yàtọ̀: láti 2004, oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá ni tirẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ gan-an ló sì ń sọ ọdún àti oṣù. Ní 2006 wọ́n sún ti oṣù kẹrin síwájú di oṣù kẹfà, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ 6.06.

Ní ti ìjiyàn bóyá olómìnira ni tàbí ọ̀fẹ́ ni a ó pe «free software», kò yẹ kó gùn. «Free» ti Gẹ̀ẹ́sì ló pa méjèèjì pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan, èyí sì wà lára ohun tó mú kí àwọn kan gbé orúkọ «open source» (kóòdù tó ṣí sílẹ̀) dìde ní 1998. Èdè wa ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́. Sọ́fítíwíà olómìnira ti tó.

Ìdíwọ́ ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ohun tó dí ọwọ́ ni. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gbé 2.4.0 jáde, kò sí ohun tó dí mi lọ́wọ́: kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì ń yá. Ó ku kí n fi àmì Git (ètò tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù) sí ibi tó yẹ, ni fóònù bá dún. Ìkíni lásán ni. Mo fèsì, mo padà, mo sì fi àmì sórí ẹ̀ka kóòdù mìíràn. Àtúnṣe tí a tìtorí rẹ̀ gbé e jáde kò sí nínú rẹ̀. A kò lè yí àmì náà padà lábẹ́lẹ̀, torí àwọn kan ti gbà á, bí 2.4.0 bá di oríṣi méjì, ta ni yóò mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun? Alẹ́ ọjọ́ yẹn la gbé 2.4.1 jáde. Ọkàn mi ló pín, nítorí náà ìpínyà ọkàn lorúkọ rẹ̀. Èyí tó kọjú sí i ni ìpọkànpọ̀. Ẹ kíyè sí i pé «pa pọ̀» kan náà ni mo ń lò tí mo bá ń pa ẹ̀ka méjì kóòdù pọ̀. Láti ọjọ́ náà, fóònù mi kì í sí nínú yàrá tí mo bá ti ń fi àmì sí nǹkan.

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni ẹ̀dà, tí à ń lò fún «version» àti «copy» pọ̀. Bí mo bá ní ẹ̀dà mẹ́ta wà lórí kọ̀ǹpútà mi, ṣé nọ́ńbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àbí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí mo dà kọ lẹ́ẹ̀mẹta? Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tó máa ya méjèèjì.