Ọ̀sẹ̀ timeshare tí ẹ̀gbọ́n mi fún wa: báwo la ṣe lè fi gbé màámi lọ sí erékùṣù?

Ìyàwó Tísà, Ìkòròdú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ní timeshare ní Tenerife, erékùṣù kan lábẹ́ ìjọba Sípéènì. Ilé ìsinmi tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ni ni, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọọdún sì jẹ́ tirẹ̀, yàrá méjì pẹ̀lú ilé ìdáná. Iṣẹ́ ò ní jẹ́ kó ráyè lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ló bá ní òun fi ọ̀sẹ̀ náà ta wá lọ́rẹ. Ó ní tí Tenerife ò bá rọ̀ wá lọ́rùn, a lè fi pààrọ̀ erékùṣù mìíràn.

Àwa mẹ́fà la fẹ́ lọ: èmi àti ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta, àti màámi, ìyá ọkọ mi. Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú. Ọmọ Báyékù ni wọ́n, etí ọ̀sà ni wọ́n dàgbà sí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ó wu àwọn kí àwọn dúró nínú omi òkun tó mọ́ débi pé èèyàn á rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Èmi náà ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn kú sí wọn lẹ́nu.

Físà Schengen, èyí tí wọ́n ń béèrè ní Sípéènì, fún èèyàn mẹ́fà ń bà mí lẹ́rù, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi lọ sí Seychelles, orílẹ̀-èdè erékùṣù tó wà nínú Òkun Íńdíà. Ọkọ mi ní kí n ṣọ́ra, pé ilé ọ̀fẹ́ tí wọ́n tún ń ní kéèyàn sanwó díẹ̀ lé lórí dà bí iṣẹ́ Yahoo létí òun. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an? Kí la máa san? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Họlidé Oṣù Kẹjọ ló bá àwọn ọmọ mu.

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó

Ẹ kú ètò o, Ìyàwó Tísà. Ojú màámi á rí i, láṣẹ Ọlọ́run.

Kì í ṣe Yahoo. Nígbà tá a ń gbé lókè òkun, ọ̀nà yìí gan-an la fi lo ọ̀sẹ̀ àǹtí mi, tá a lọ sí Madeira, erékùṣù kan lábẹ́ ìjọba Potogí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ yàtọ̀ sí ilé ìsinmi fúnra rẹ̀. Àwọn méjì tó lórúkọ jù ni RCI, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1974, àti Interval International, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Ilé ìsinmi ẹ̀gbọ́n yín gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀gbọ́n yín náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ níbẹ̀. Bí àjọ ló rí: wọ́n á dá ọ̀sẹ̀ tiwọn sínú àpò, ẹlòmíràn á kó o, àwọn náà á wá kó èyí tí ẹlòmíràn dá. Ẹni tó máa sùn ní Tenerife lè wá láti Jámánì, ẹni tẹ́ ẹ máa sùn nílé rẹ̀ sì lè má mọ̀ yín rí.

Àmọ́ ọ̀sẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń wo ìgbà tó bọ́ sí nínú ọdún, bí ilé ṣe tóbi tó, bí èèyàn ṣe ń wá ibẹ̀ tó, àti bẹ́ ẹ ṣe tètè fi sílẹ̀ tó. Òtútù kì í mú ní Tenerife, yípo ọdún ni wọ́n ń wá a, ìyẹn dáa fún yín. Ní RCI, tí ọ̀sẹ̀ bá ti wọ àpò ó kéré tán oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ wọlé, iye rẹ̀ á pé pérépéré. Bí ọjọ́ bá ṣe ń sún mọ́ ni iye náà ń wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní ọdún méjì láti lò ó.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má tíì dárúkọ Seychelles létí ọmọ kankan. Ohun tó bá wà nínú àpò lẹ máa rí mú. Oṣù Kẹjọ ni gbogbo olọ́mọ ń fẹ́, ilé oníyàrá méjì ni gbogbo wọn sì ń wá. Kí ẹ̀gbọ́n yín to erékùṣù bíi mélòó kan sínú ìbéèrè wọn, kí wọ́n fẹ ọjọ́ rẹ̀ láti ìparí Oṣù Keje dé ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án. Èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i tó sì gba màámi, ibẹ̀ lẹ ń lọ.

Ní ti owó, owó ìtọ́jú ọdọọdún wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n yín. Tí wọ́n bá jẹ gbèsè rẹ̀, wọn ò ní lè fi ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀, torí náà ẹ fi ọgbọ́n béèrè. Owó ẹgbẹ́ tún wà, àti owó pàṣípààrọ̀, àti owó ìwé àlejò, torí pé àwọn fúnra wọn kọ́ ló ń lọ. Ìwé àlejò yìí ló ń sọ orúkọ yín di orúkọ ẹni tó ni yàrá. Láìsí i, orúkọ ẹ̀gbọ́n yín ni ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á máa wò lójú kọ̀ǹpútà, tiyín ò ní sí níbẹ̀. Ẹ sì rántí pé òfin wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni ta ọ̀sẹ̀ tó gbà nípa pàṣípààrọ̀. Ẹ̀bùn nìkan ni wọ́n gbà.

Èyí tó ń ká èèyàn lára jù ni owó oúnjẹ. Lápá Caribbean pàápàá, ọ̀pọ̀ rìsọ́ọ̀tù ló ń gba owó oúnjẹ lọ́ranyàn, lórí olúkúlùkù, lójoojúmọ́, kódà lọ́wọ́ àlejò pàṣípààrọ̀. Èèyàn mẹ́fà fún ọjọ́ méje! Kí ẹ̀gbọ́n yín ka ibẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọ Àgbádárìgì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Kí la fẹ́ fi owó tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn mẹ́fà ṣe nígbà tí erékùṣù wà nílé? Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní etí ọ̀sà Àgbádárìgì, ẹ sọdá sí Gbẹ́rẹ́fù, ẹ rìn gba àárín àwọn igi àgbọn títí dé etí òkun níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sọdá. Àwọn ọmọ á kọ́ ìtàn, màámi á fi afẹ́fẹ́ òkun tura, ẹ ó sì sùn nílé yín lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Ìyàwó Tísà, Ìkòròdú

Ẹ ṣeun, bọ̀dá. A ti dé Gbẹ́rẹ́fù pẹ̀lú àwọn ọmọ, ìtàn ibẹ̀ ò kúrò lọ́kàn èyí àgbà. Ṣùgbọ́n ìgbì ibẹ̀ lágbára, kò ṣeé dúró nínú omi rẹ̀ fún àgbà tí orúnkún ń dùn. Omi tó mọ́ tó sì dákẹ́ ni màámi ń wá.

Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. RCI ni tiwọn. Wọ́n kọ ọ̀sẹ̀ 8 sí i, wọ́n sì kọ 6/4 sí igun kan lápá ọ̀tún. Kí ni ìyẹn?

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye èèyàn tí ilé náà gbà lápapọ̀, èkejì ni iye tó lè sùn níbi tí ilẹ̀kùn wà. Èèyàn mẹ́fà nínú 6/4 túmọ̀ sí pé àwọn méjì á sùn sórí àga tí wọ́n ń tẹ́ ní pálọ̀. Kí màámi má sùn síbẹ̀ o, ó máa ń rọ̀ láàárín, kò dáa fún orúnkún. Àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá máa gbà náà gbọ́dọ̀ gba mẹ́fà. Tó bá jẹ́ 4 ló wà níwájú, ẹ má gbà á, wọ́n lè dá ẹni tó lé padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ 8 bọ́ sí nǹkan bí 20 Oṣù Kejì. Ẹ ka oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn: 20 Oṣù Karùn-ún tá a wà yìí ni. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín lálẹ́ òní. Ọ̀rọ̀ Seychelles, Mauritius, ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, kí ọ̀sẹ̀ yẹn kọ́kọ́ wọ àpò.

Bàbá Ẹ̀pẹ́

Ìyàwó wa, o kú ìtọ́jú ìyá ọkọ rẹ. Iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kí n tó padà sílé sí Ẹ̀pẹ́, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ti ọ̀nà.

Seychelles kì í gba físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìrìnàjò wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, wọ́n á sì béèrè tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Ṣé o ti rí ibi tí ìwé àlejò tí Ìyá Ìbejì sọ ti wúlò? Orúkọ ọkọ rẹ tàbí tìrẹ ló gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rí yẹn, bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Barbados, lápá Caribbean, náà kì í gba físà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ yín bá gba ìlú Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ẹ ó nílò físà ìkọjá. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "kò gba físà" nìkan tàn ọ́, béèrè ibi tí ọkọ̀ ti máa dúró.

Láti Ìkẹjà, o lè gba Addis Ababa lọ sí Mahé, erékùṣù tó tóbi jù ní Seychelles, wákàtí bíi márùn-ún, lẹ́yìn náà bíi mẹ́rin. Tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ní kí wọ́n kọ kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn sí orúkọ màámi. Ọ̀fẹ́ ni, pápákọ̀ Addis gùn fún àgbà. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ pàṣípààrọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tàbí ọjọ́ Àìkú, nítorí náà ìwé ìdánilójú yàrá ni kó ṣáájú tíkẹ́ẹ̀tì. Yẹ páásípọ́ọ̀tù gbogbo yín wò pẹ̀lú. Ti ọmọ kì í ju ọdún márùn-ún lọ, kó sì ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa rìn.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dé

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, kò ṣeé fi ṣeré. Seychelles máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti 2016 sì ni ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé. Ṣùgbọ́n fún màámi, ẹ tètè rí dókítà. Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí kò gba abẹ́rẹ́ náà rí lè ní ìṣòro tó le látara rẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó wà. Dókítà ló máa sọ bóyá kí wọ́n gbà á, tàbí kó kọ ìwé pé ara wọn ò gbà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn Seychelles bóyá wọ́n á gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti orúnkún, inú àpò ọwọ́ ni kó wà, nínú páálí tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an, èmi ò mọ ti àwọn tó lé ní ọgọ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti omi kún un. Ní Seychelles, láti Oṣù Karùn-ún dé Oṣù Kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ gúúsù-ìlà-oòrùn ló ń fẹ́, òkun máa ń ru lápá tí afẹ́fẹ́ náà ń kọlù. Apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn Mahé, ní Beau Vallon, ló máa ń dákẹ́ nígbà yẹn. Tí wọ́n bá fún yín ní ilé ní Praslin, erékùṣù mìíràn níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi láti Mahé tó nǹkan bíi wákàtí kan, ó sì lè máa mì nínú Oṣù Kẹjọ. Ọmọ Báyékù lè rẹ́rìn-ín sí i, àwọn ọmọ yín ni mo ń bẹ̀rù fún.

Ẹ béèrè yàrá ìsàlẹ̀ tàbí ilé tó ní lífíìtì. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ilé ìsinmi náà fúnra rẹ̀ kété tí ìdánilójú bá ti dé. Nígbà tẹ́ ẹ bá wọlé, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fi káàdì dúró fún nǹkan tó bá bàjẹ́, káàdì náírà kì í sábà gbà á, ẹ wá káàdì àkáǹtì dọ́là. Ilé ìdáná á wà, ṣùgbọ́n ìkòkò tá a bá ní Madeira kò gba àmàlà èèyàn méjì. Orógùn àti èlùbọ́ ni mo fi sínú ẹrù. Ti Seychelles, wọ́n le lórí ohun ọ̀gbìn àti ẹran, ẹ má gbé èso, irúgbìn tàbí ẹran gbígbẹ dání.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ wá jẹun àárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ fi gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọjà timeshare tuntun ni wọ́n fẹ́ tà. Ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan. Láwọn orílẹ̀-èdè àjọ Yúróòpù, òfin fún oníbàárà ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, wọn ò sì gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n Seychelles kò sí lára wọn. Bákan náà, kí ẹ̀gbọ́n yín ṣọ́ra fún ẹni tó bá pè pé òun ti rí oníbàárà fún timeshare wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó ìwé. Ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ fún àǹtí mi, wọn ò rí i mọ́ lẹ́yìn tí owó wọlé.

Ìyàwó Tísà, Ìkòròdú

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sétí ọkọ mi lálẹ́ àná. Àwọn fúnra wọn ló pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n jọ wọlé sórí ìkànnì náà, wọ́n rí i pé owó ìtọ́jú ti wọlé pé. Ọ̀sẹ̀ 8 ti wà nínú àpò láti àárọ̀ yìí. Seychelles, Mauritius àti Cape Verde la tò sínú ìbéèrè. Páásípọ́ọ̀tù ọmọ kejì ló máa parí kí ọjọ́ tó pé, a máa tún un ṣe. Màámi ń lọ rí dókítà lọ́jọ́ Ajé, a ò tíì sọ ìdí fún wọn.

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó

Ẹ kú iṣẹ́. Tí ìdánilójú bá dé, ẹ bo orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e síbí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan owó tíkẹ́ẹ̀tì. A ó jọ kà á.