Èròjà wo ló yẹ fún àgùntàn tó lóyún?

Ọlọ́sìn Ìṣẹ́yìn: Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ọ̀sìn, mo kí yín. Àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ wa ni mò ń sìn, èèpo ẹ̀gẹ́ ni wọ́n sì ń jẹ jù. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ tí wọ́n bí kò lókun láti dìde mu ọmú, ọ̀fun àwọn kan sì wú. Àwọn ìyá ti wọ oṣù kẹrin oyún báyìí. Irú iyọ̀ wo ni kí n fún wọn? Ẹnì kan ní kí n máa bu oúnjẹ adìyẹ kún un.

Ìyá Ẹlẹ́ran: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fun tó wú yẹn ni kí ẹ mú ní pàtàkì, nítorí àìtó áyódíìnì, èròjà kan tí ara nílò díẹ̀díẹ̀, ló sábà máa ń fa irú rẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì nínú, ohun tí ara ẹran sì ń sọ ọ́ dà kì í jẹ́ kí áyódíìnì ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, débi pé ìyá lè jẹun yó kí ebi áyódíìnì sì máa pa ọmọ inú rẹ̀. Ẹ sá èèpo náà títí yóò fi gbẹ táútáú, kí májèlé náà lè dín kù. Iyọ̀ tí wọ́n ti po áyódíìnì mọ́, èyí tí a fi ń se ọbẹ̀, ni kí ẹ bù sínú ọpọ́n lábẹ́ òrùlé, kí omi mímu má sì jìnnà sí i.

Dókítà Ẹran: Òótọ́ ni Ìyá sọ. Oúnjẹ adìyẹ ni mo fẹ́ kìlọ̀ lé lórí: bàbà inú rẹ̀ (kọ́pà ni mò ń wí, kì í ṣe ọkà bàbà) lè pọ̀ ju ohun tí àgùntàn lè gbà. Yóò máa kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí àmì kankan, títí di ọjọ́ tí ẹ̀dọ̀ yóò tú u sínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹran tó ń jẹ̀ lánàá yóò máa tọ ìtọ̀ pupa, tí ẹyinjú rẹ̀ yóò sì dà bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń bá jà. Bí ẹ bá ra òkúta iyọ̀ tí ẹran ń lá, èyí tí wọ́n ṣe fún àgùntàn ni kí ẹ mú, kì í ṣe ti màlúù.

Ọlọ́sìn Ìṣẹ́yìn: Mo dúpẹ́. Oúnjẹ adìyẹ ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ ìbí ńkọ́?

Àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́: Kí ọjọ́ náà tó dé, ọ̀sẹ̀ 6 tó gbẹ̀yìn oyún ni ọmọ inú ń dàgbà jù, nítorí náà ẹ fi ewé agúnmániyè àti èérí àgbàdo kún oúnjẹ ìyá. Bí ọmọ bá ti wáyé, ẹ fi áyódíìnì olómi tí a fi ń pa egbò pa ìwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ó mu wàrà àkọ́kọ́, èyí tó ki yẹn, láàárín wákàtí 2. Bí kò bá lè dìde, ẹ fún wàrà ìyá rẹ̀ sínú ife mímọ́, kí ẹ fi ìgò ọmú fún un ní mílílítà 50 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Èyí tí kò bá lè gbé e mì, ẹ má fipá rọ ọ́, kí wàrà má bàa gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Dókítà ló ní rọ́bà tó máa ń gbé e dé inú ikùn.