Àbọ̀: sítóòfù gáàsì tó ń kú nínú òtútù Kungsleden, ó ti yanjú

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá sí i. Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí sítóòfù gáàsì kékeré fi ń kú láàárọ̀ lójú Kungsleden, ọ̀nà ìrìn ẹsẹ̀ gígùn kan ní àríwá Swídìn, nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú agolo.

Irú gáàsì tó wà nínú agolo ni: butane, isobutane tàbí propane. Ó gbọ́dọ̀ hó kó tó lè jáde bíi gáàsì. Tí òtútù bá ti kọjá -0.5°C, butane ò ní hó mọ́. Á kàn jókòó bí omi. Isobutane ń hó títí dé nǹkan bí -12°C, propane títí dé -42°C. Agolo tí wọ́n ti po isobutane mọ́ propane ni kí ẹ rà. Síbẹ̀, propane ló ń yára jáde jù, gáàsì tó ń jáde sì ń mú agolo tutù sí i. Ìdí nìyẹn tí agolo tuntun fi ń jó dáadáa, tí èyí tó ti dé ìdajì á máa ṣe ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́.

Ẹ gbé agolo sínú àpò ìsùn lálẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dáná, ẹ gbé e sínú abọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà. Omi gbígbóná kọ́ o! Ẹ má sì fi ìdènà afẹ́fẹ́ yí sítóòfù tó wà lórí agolo ká pátápátá, torí agolo lè bú gbàmù.

Ẹ ò lè gbé gáàsì wọ bàálù. Ẹ rà á ní Abisko, níbi tí Kungsleden ti bẹ̀rẹ̀ ní ìhà àríwá.