Ahoro kọ́ ni gbogbo ibi tó dá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ń túmọ̀ ìwé kan nípa àwọn òkè Skọ́tlándì nígbà òtútù, níbi tí kò sígi, tí ojú ọ̀run ṣú, tí atẹ́gùn ń fẹ́ yàà, ẹ sì fẹ́ pe ilẹ̀ náà ní ahoro. Ẹ forí jì mí, kò bá a mu. Ahoro kì í dédé wà. Ẹnìkan ti gbé ibẹ̀ rí: ògiri ti wó, koríko ti bo ojú ààrò, igi ọ̀sàn ṣì ń so láìrẹ́ni ká a. Ilẹ̀ tí èèyàn ò kọ́lé sí rí, báwo ló ṣe fẹ́ dahoro?

A tún ní orílé, ìyẹn ibi tí ìlú ẹni wà kó tó tú. Ogun fọ́ Ìjàyè ní 1862, àwọn ọmọ ibẹ̀ fọ́n ká, síbẹ̀ Orílé-Ìjàyè là ń pè é dòní. Ẹni tó ń kọjá lọ ló ń rí ahoro. Ọmọ onílé, orílé ló ń rí. (Mo mọ̀ pé Ahoro-Dada wà lápá Ògbómọ̀ṣọ́, èèyàn sì ń gbé ibẹ̀. Orúkọ kì í tètè kúrò lára ìlú.)

Àfi tó bá jẹ́ Strathnaver, àfonífojì kan ní àríwá Skọ́tlándì, ni ìwé yín ń sọ. Àwọn onílẹ̀ lé àgbẹ̀ kúrò níbẹ̀ ní 1814 àti 1819 kí àgùntàn lè ríbi jẹ. Ìyẹn, ahoro ni, kò sí àríyànjiyàn.

Aṣálẹ̀ tí àwọn kan dá lábàá fún yín, iyanrìn àti oòrùn ló ń gbé wá sọ́kàn, ẹ fi sílẹ̀. Èmi á mú "dá páropáro". Ìdákẹ́ tó ń ba èèyàn lẹ́rù ni, bí ilé tí gbogbo ará ibẹ̀ ti rìnrìn àjò. Pa rọ́rọ́ náà jẹ́ ìdákẹ́, ṣùgbọ́n ara ń tuni níbẹ̀.

Àwọn tó ní "ìdápáropáro", ọ̀rọ̀-orúkọ tó ti ara rẹ̀ wá, kò bá gírámà mu, ṣé wọn kì í sọ ìdákẹ́jẹ́ àti ìparọ́rọ́ ni? Ọ̀nà kan náà la gbà ṣẹ̀dá wọn. Ó kàn gùn lẹ́nu ni, nítorí náà níbi tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ti tó, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Òkè náà dá páropáro." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàmì sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òǹkàwé á rò pé òkè náà pa rọ́rọ́ ni, á sì máa wá ibi tí yóò tẹ́ ẹní sí.